Omi Rírọ̀ àti Omi Àmúrọ̀ nínú Èdè Ìperí Ẹja Sísìn

Alágbàfọ̀ kò nílò onímọ̀ kẹ́mísírì kí ó tó dá omi líle mọ̀. Bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò hó, tí ó ń ṣù pọ̀ lójú omi, ọ̀rọ̀ ti parí. Lóòótọ́, ‘omi líle’ ní àbùkù tirẹ̀: etí tí ‘ọtí líle’ ti mọ́ lára lè rò pé omi tí ń pani ni. Ṣùgbọ́n ‘omi tí kì í tètè hó ọṣẹ’ gùn jù fún ìwé ẹ̀kọ́.

Ibi tí ewu wà gan-an ni òdì-kejì rẹ̀. Omi kan wà tí ó rọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí omi òjò. Òmíràn wà tí ẹ̀rọ ni ó mú un rọ̀. Bí olùtúmọ̀ bá pe méjèèjì ní ‘omi rírọ̀’, ẹja ni yóò san gbèsè náà.

Àpẹẹrẹ kan ni Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí odò Thames àti àwọn odò tí ń ṣàn sínú rẹ̀ ti ń gba ilẹ̀ àpáta ẹfun kọjá. Kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú omi ẹ̀rọ ibẹ̀. Ó ń fi èépá funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù. Nítorí èyí ni àwọn onílé mìíràn fi ń ra ẹ̀rọ amómirọ̀ (ọ̀rọ̀ tí ó tọ ipasẹ̀ ‘amómitutù’). Àwọn hóró kéékèèké inú ẹ̀rọ náà ń di kálísíọ́ọ̀mù àti magiṣíọ́ọ̀mù mú, wọ́n sì ń tú sódíọ́ọ̀mù sílẹ̀ dípò wọn, méjì fún ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n bá kún, omi iyọ̀ ni a fi ń fọ̀ wọ́n. Fún líle 100 mílígíráàmù nínú lítà kan tí ó kúrò, nǹkan bí 46 mílígíráàmù sódíọ́ọ̀mù ni ó wọlé. Ọṣẹ yóò hó dáadáa, ṣùgbọ́n omi náà kò fúyẹ́ sí i rárá.

Ẹja kò fi ọṣẹ wọn omi. Neon tetra, tí ó wá láti agbègbè odò Amazon, ń fẹ́ omi tí iyọ̀ gbogbo ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ yìí kò fún un ní èyí. Ẹja adágún Tanganyika, tí omi líle mọ́ lára, pàdánù kálísíọ́ọ̀mù àti magiṣíọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ìgbín inú omi pàápàá kò ní rí ohun tí yóò fi mọ ìkarahun.

Èdè Yorùbá ní irin iṣẹ́ tí a nílò. ‘Rírọ̀’, tí àpètúnpè ẹlẹ́bẹ mú jáde láti ara ‘rọ̀’, ń sọ ipò tí nǹkan wà. ‘Àmúrọ̀’, tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- so mọ́ ‘mú rọ̀’, ń fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Omi tí a tì gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ kọjá yẹ ní ‘omi àsẹ́’. Ẹnikẹ́ni tí ó ti sẹ́ ògì rí yóò lóye rẹ̀.

Ní ilé tí ẹ̀rọ amómirọ̀ wà, a sábà máa ń fi ẹnu ẹ̀rọ kan sílẹ̀ ní ilé ìdáná fún omi mímu tí a kò mú rọ̀. Ibẹ̀ ni kí ìwé darí olùsìnja sí nígbà tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ omi: kí ó pa kílórínì inú rẹ̀, kí ó fi omi àsẹ́ là á bí ẹja rẹ̀ bá jẹ́ ti Amazon. Kí olùtúmọ̀ sì kọ ‘omi líle’ síbẹ̀ láìbẹ̀rù ọtí.