Ṣé ẹ ní ìpín nílé-iṣẹ́ ńlá? Ẹ wo bí ẹ ṣe lè máa fi fóònù yín ṣọ́ owó yín

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ owó téèyàn fi ra ìpín ìdókòwò rí. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò wa, àtàwọn tó ń taṣọ, àtàwọn mẹkáníìkì, àtàwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ni wọ́n ti ra ìpín sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ owó náà dé dúró. Láyé ìgbà kan, àfi kéèyàn lọ bá alágbàtà rẹ̀ tàbí kó ra ìwé ìròyìn. Lónìí, orí fóònù tẹ́ ẹ fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ náà lẹ ti lè rí i.

Ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1960, tó sì di NGX lọ́dún 2021, ní ìkànnì tiẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ngxgroup.com. Àwọn ìkànnì ìròyìn okòwò bíi Nairametrics àti BusinessDay náà máa ń gbé iye owó ìpín jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rí nọ́ńbà, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ohun tó ń sọ.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ MÁA WÒ

Àkọ́kọ́ ni iye tí ìpín náà ń lọ nígbà tí ọjà parí lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá fi àwọ̀ pupa kọ ọ́, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó wálẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kò sọ pé ẹ ti pàdánù. Ká ní ẹ ra ìpín 2,000 ní ₦20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó yín jẹ́ ₦40,000. Tí ìpín náà bá kúrò ní ₦24 tó di ₦23 lónìí, pupa lẹ máa rí. Síbẹ̀, owó yín ti di ₦46,000. Èrè ₦6,000 ló wà lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ owó alágbàtà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ra ìpín, iye tẹ́ ẹ rà á àti owó alágbàtà sí.

Èkejì ni iye ẹyọ ìpín tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń tajà mọ̀ pé iye téèyàn pe ọjà kọ́ ni owó, àfi tí wọ́n bá rà á. Bí ìpín kan bá ń lọ ní ₦50, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni wọ́n ń tà lọ́sẹ̀, ó lè pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ẹni rà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò owó.

Ẹ̀kẹta ni ìkéde ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí èrè tí wọ́n fẹ́ pín, àti ọjọ́ tí orúkọ yín gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé wọn kẹ́ ẹ tó lè gbà á. Bí wọ́n bá san ₦1 lórí ẹyọ kan, ₦1,800 ló máa kan ẹni tó ní 2,000, torí pé ìjọba máa ń yọ ìdá mẹ́wàá owó orí. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, iye ìpín náà sábà máa ń wálẹ̀, nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà á kò ní í bá wọn pín nínú èrè náà. Ẹni tí kò ka ìkéde á rò pé owó òun ti ń jóná, á wá sáré tà á.

Ẹ má sì fi owó ọjà tàbí owó ẹ̀yáwó ra ìpín o. Lóṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà náà lé ní 66,000. Nígbà tí ọdún 2009 fi máa parí, kò pé 21,000 mọ́. Àwọn tó yá owó báńkì ra ìpín ló jẹ ìyà náà jù. Ó di oṣù kìíní ọdún 2024 kí òǹkà náà tó kọjá 100,000.

ÈRÈ TÍ KÒ SÍ NÍBÒMÍÌN

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹni tó gba owó yín kọ́ ló yẹ kó nìkan máa sọ iye tó ti dà fún yín. Ẹ rántí CBEX tó forí ṣánpọ́n lóṣù kẹrin ọdún 2025. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń rí èrè lójú fóònù wọn, àfìgbà tí wọn kò rí owó gbà mọ́. Inú bí àwọn kan n'Ìbàdàn débi tí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà l'Ókè-Àdó, tí wọ́n sì kó ẹrù ibẹ̀. Àjọ SEC, tó ń mójú tó ètò ìdókòwò, sọ pé kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Nọ́ńbà tí àwọn tó ni ín kọ síbẹ̀ lásán ni èrè náà, kò síbòmíìn téèyàn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìpín gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́dọ̀ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo iye owó rẹ̀ lórí ìkànnì NGX. Ẹ wo orúkọ alágbàtà yín lórí ìkànnì SEC, sec.gov.ng, bóyá ó wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́dọ̀ CSCS, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpín, pé ẹyọ mélòó ló wà lórúkọ yín.

Tí ohun tí alágbàtà sọ kò bá bá ti CSCS mu, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ ní kó kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ SEC kí owó tó wọ igbó.