Ọ̀rọ̀ Kan fún Ohun Méjì: Ìwé Ìtòpọ̀ Ètò Java àti Àṣìṣe Inú Rẹ̀

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti pọ̀ láti ìgbà tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1983, 'kọ́' ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu nígbà tí a bá ń kó ẹ̀yà ètò kọ̀ǹpútà jọ di odidi kan tí ó ṣeé lò. Ọ̀rọ̀ náà ní wàhálà. 'Kíkọ ètò' jẹ́ fífi ọwọ́ kọ ọ́. 'Kíkọ́ ètò' sì lè túmọ̀ sí gbígba ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí gbígbé e ró bí ilé. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í fi àmì sí i. 'Ìtòpọ̀' sàn jù, nítorí pé 'tò' ti ní títẹ̀lé-ara-ẹni nínú.

Ìwé ìtòpọ̀ ni fáìlì tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún 1995 ni èdè Java jáde láti ọwọ́ Sun Microsystems. Ant, tí James Duncan Davidson ṣe, jáde ní 2000, Maven 1.0 tẹ̀ lé e ní 2004. Ohun tí ó le fún atúmọ̀ èdè ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò fún ohun méjì tí kò bára tan. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní 'ìgbáralé' ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ipele ni Ant pín iṣẹ́ sí. Ọ̀kan lè dá àpò fáìlì sílẹ̀, èkejì a túmọ̀ ètò sí èdè tí ẹ̀rọ Java gbọ́, ẹ̀kẹta a dì í sínú fáìlì JAR kan. Ọ̀rọ̀ depends tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ipele kan ń tọ́ka sí ipele tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà tí ń kọ́lé ní Òkokomáíkò kì í ti í to búlọ́ọ̀kù kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá gbàgbé láti sọ pé dídá àpò sílẹ̀ ni ó ṣáájú, ìtúmọ̀ yóò kọsẹ̀, Ant yóò sì wí pé àpò náà kò sí. Àṣìṣe yìí a sì máa fara pamọ́. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ìwé náà, àpò àná ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá gbé iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ọjà Alábà ni àṣírí yóò tú. Nítorí èyí, kí a pa gbogbo ohun tí ìtòpọ̀ ti ṣe rẹ́, kí a sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a tó gbà pé ìwé náà pé. Orúkọ tí ó yẹ irú ìgbáralé yìí ni 'aṣáájú'.

Ohun mìíràn pátápátá ni Maven ń pè ní dependency: iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe, tí ètò ẹni ń lò. 'Àyálò' bá a mu. Àwọn kan lè wí pé dídá ni à ń dá ohun tí a yá padà. Ṣùgbọ́n títí di òní, Yorùbá kò tíì dá 'búrẹ́dì' padà fún Gẹ̀ẹ́sì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Maven ti ń wá àyálò, a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú àpò .m2. Bí ìwákiri kan bá já sí òfo, ó lè kọ ìjákulẹ̀ náà sílẹ̀, kí ó má sì tún wá a mọ́ títí àsìkò àyẹ̀wò tuntun yóò fi tó. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbà, tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, a máa wo ẹ̀sùn kan náà lójú léraléra. Bí ó bá rò pé 'ìgbáralé' ti Ant ni, yóò máa tún ipele tò, kò sì ní yọrí sí nǹkan kan. Àṣẹ mvn -U ni yóò mú Maven wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Mvn -o sì wà fún ìgbà tí kò sí dátà, bí gbogbo àyálò bá ti wà nínú.m2.

Ọ̀ràn náà tún le sí i nínú Gradle, tí 1.0 rẹ̀ jáde ní 2012, nítorí pé dependsOn àti dependencies lè wà nínú fáìlì build.gradle kan náà, ìlà díẹ̀ ni ó sì lè wà láàrin wọn. Aṣáájú ni ti àkọ́kọ́, àyálò ni ti èkejì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yé kíláàsì rẹ̀ lè bi wọ́n léèrè èwo nínú méjèèjì ni yóò mú kí wọ́n lọ ra dátà.