Ọ̀bẹ Inú Àpò: Kí Ni Òfin Sọ Sí I?

Nígbà tí a ń kọ́ orúkọ àwọn ohun èlò onírin nínú ìpàdé wa, àdá, ọkọ́, àáké, abẹ, ọ̀bẹ, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti gbé ọ̀bẹ sápò jáde síta ti rú òfin nìyẹn. Àwọn mìíràn ní kò sí òfin kankan lórí ọ̀bẹ ní Nàìjíríà. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ lọ́yà, èmi náà sì ka díẹ̀ nínú ìwé òfin. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí ìhà méjèèjì ṣe sọ ọ́.

Ọ̀bẹ tí mo ń sọ ni èyí kékeré tó ṣeé ká wọ inú èèkù rẹ̀, tí ẹni tó ní in lè jù sápò ṣòkòtò. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ń fi bó ọsàn, wọ́n ń fi gé ìrèké, wọ́n ń fi já okùn, wọ́n ń fi ṣí páálí. Oníṣẹ́ iná ń fi bó ara wáyà. Ọ̀bẹ kan náà yìí sì ni olè lè yọ sí èèyàn ní garéèjì. Ìdí nìyí tí òfin fi níláti fi ìyàtọ̀ sí i.

Òfin ilẹ̀ wa

Ìwé òfin ọ̀daràn méjì ni wọ́n mọ̀ jù ní Nàìjíríà: Criminal Code fún ìhà gúúsù, Penal Code fún ìhà àríwá níbi tí ilé-ìwé wa wà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bí Èkó, ti ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Abala 80 nínú Criminal Code ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Ó ní ẹni tó bá gbé ohun ìjà rìn ní gbangba láìní ìdí tó bófin mu, lọ́nà tó kó jìnnìjìnnì bá ẹnikẹ́ni, ti ṣẹ̀. Ó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura, ìjọba sì lè gba ohun ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Abala yẹn kò wọn ọ̀bẹ, kò ní kó gùn tó báyìí tàbí kó kúrú tó báyìí. Nǹkan méjì ló ń wò: ìdí tí o fi gbé e, àti bí o ṣe gbé e. Mọ́là tó ń ti ọsàn nínú bárò, tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa ń rí i, ẹ̀rù kò bà wá, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ jà nítorí ṣéńjì, tó wá yọ ọ̀bẹ kékeré, tó ṣí i, tó nà án sí i lójú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò tíì gún ẹnikẹ́ni o, àmọ́ ó ti dẹ́rù ba èèyàn.

Òfin kejì le ju ìyẹn lọ. Òun ni èyí tó wà fún ìdigunjalè, Robbery and Firearms Act. Nínú òfin yìí, ohun ìjà kì í ṣe ìbọn nìkan. Ó ka ọrún àti ọfà, ọ̀kọ̀, àdá, ọ̀bẹ olójú méjì àti kóńdó mọ́ ọn. Ó tún ní igi, irin, ìgò tàbí òkúta tó bá ti ṣeé fi pa èèyàn lára wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jalè pẹ̀lú ipá láìmú ohun ìjà dání, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Tí ohun ìjà bá wà níbẹ̀, ikú ni ìdájọ́. Ẹni tó bá ẹni tó gbé ohun ìjà rìn lọ jalè, òfin kan náà ló mú àwọn méjèèjì, kódà tí ọwọ́ tirẹ̀ bá ṣófo. Ìyẹn ni pé ọ̀bẹ ọsàn tí ẹnìkan fi gba fóònù lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti sọ ọ́ di adigunjalè.

Àwọn ibì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ti yàtọ̀. Òfin ìdìbò kò gba ohun ìjà láyè níbi tí wọ́n ti ń dìbò. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọn kò ní jẹ́ kí o gbé ọ̀bẹ wọ inú ọkọ̀ nínú àpò ọwọ́. Inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kó wà.

Ṣé òfin lè mú ọmọdé?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù. Criminal Code àti Penal Code sọ ọ́ bákan náà: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, òfin kò lè dá a lẹ́bi. Ọmọ tí kò tíì pé 12, àfi tí ó bá hàn pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ara wa nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní JSS2 ti kọjá 12. Lóòótọ́, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí wọ́n dájọ́ ikú fún ọmọ tí kò tíì pé 18, kóòtù ọmọdé ló sì yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù náà kóòtù ni. “Ọmọdé ni mí” kò tó láti gba ẹnikẹ́ni nínú wa sílẹ̀ mọ́.

Ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù

Mo fi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún un nítorí pé púpọ̀ nínú wa ló ní ẹbí ní Peckham àti àwọn àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù mìíràn, àwọn kan sì ń lọ síbẹ̀ ní ìsinmi. Ní tiwọn, wọ́n fi rúlà wọn ọ̀bẹ. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1988 ní o lè gbé ọ̀bẹ tó ṣeé ká pọ̀ láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, tí ojú rẹ̀ kò bá ju íǹṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62. Bó bá jẹ́ èyí tó ń há gbọn-in tí o bá ṣí i, tó jẹ́ pé o níláti tẹ nǹkan kí o tó lè ká a padà, kò sí nínú èyí tí wọ́n gbà láyè, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹni tó bá gbé èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ níláti ní ìdí gidi: iṣẹ́, ẹ̀sìn, tàbí aṣọ ìbílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní ọ̀bẹ ẹ̀sìn tiwọn. Àwọn ọkùnrin Scotland a máa ki ọ̀bẹ kékeré bọ ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá múra ìbílẹ̀. Tí kò bá sí ìdí, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 4. Ọ̀bẹ tó ń fò jáde fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, wọn kò gbà á rárá. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n gbà náà di ẹ̀ṣẹ̀ tí o bá gbé e láti fi ṣe èèyàn léṣe. Ẹ sì má gbàgbé pé láti ọmọ ọdún 10 ni òfin ti lè mú ọmọ ní England.

Èmi rò pé tiwọn yé ọmọdé ju tiwa lọ, torí rúlà kì í parọ́. Ní tiwa, ojú ọlọ́pàá ló ń wọn ọ̀bẹ. Tó bá bi ọ́ ní ojú ọ̀nà pé “Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?”, ìdáhùn rẹ ló máa gbà ọ́. Bí kò bá sí ìdáhùn gidi lẹ́nu rẹ, fi ọ̀bẹ sílé.

Hóstẹ́ẹ̀lì wa ńkọ́?

Òfin ilé-ìwé wa kò gba ọ̀bẹ láyè, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa. Ọsàn ń wọ hóstẹ́ẹ̀lì, ẹyín kò sì lè bó gbogbo rẹ̀. Nítorí náà abẹ ni àwọn ọmọ ń lò, àjákù abẹ tí kò ní èèkù, tí wọ́n ń fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sínú ìwé. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọwọ́ tiwa fúnra wa ni abẹ yẹn ń gé. Mo dábàá pé kí ọ̀bẹ kan wà lọ́wọ́ matron ní hóstẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tó fẹ́ bó ọsàn kọ orúkọ sílẹ̀, kó bó o níwájú wọn, kó sì dá ọ̀bẹ padà. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń kọ́ wa nílé náà ni ká ṣe é: a kì í na ẹnu ọ̀bẹ sí èèyàn, èèkù ni a fi ń lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.