Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Adájọ́ Constance Baker Motley (1921–2005)

Òwe Yorùbá kan sọ pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ohun tí òwe náà ń béèrè lọ́wọ́ adájọ́ ni pé kí ó gbọ́ tọ̀tún tòsì kí ó tó sọ̀rọ̀. Kò béèrè ìran tí adájọ́ ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ohun tí ó ti jà fún kí ó tó dé orí àga. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gbèjà àwọn tí a ń rẹ́ jẹ lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìṣe ojúsàájú? Ìbéèrè yìí ni a gbé ko Constance Baker Motley lójú, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìgbésí ayé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti èsì tí ó fọ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1921 ni a bí i ní ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Erékùṣù Nevis ní agbègbè Karibíánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá. Iṣẹ́ alásè ni bàbá rẹ̀ ń ṣe fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Yale. Nígbà tí ó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sí owó tí yóò fi tẹ̀síwájú. Ní ìpàdé kan ní gbọ̀ngàn àdúgbò wọn, ó sọ ní gbangba pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í lo gbọ̀ngàn náà nítorí pé wọn kò ní ohùn nínú àkóso rẹ̀. Clarence Blakeslee, oníṣòwò aláwọ̀ funfun tí ó fi owó rẹ̀ ti gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn, wà níjòókòó. Kò bínú, ó ní òun yóò san owó ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin náà. Báyìí ni ó ṣe lọ sí Yunifásítì Fisk, tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1943, tí ó sì gba oyè ìmọ̀ òfin ní Columbia ní 1946.

Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò

Kí ó tó jáde ní Columbia ni ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Thurgood Marshall, nínú àjọ agbẹjọ́rò tí NAACP dá sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn òfin tí ó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Ó wà lára àwọn tí ó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ nínú ẹjọ́ Brown, èyí tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi sọ ní 1954 pé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lòdì sí òfin ilẹ̀. Òun náà ni ó gbèjà James Meredith títí Yunifásítì Mississippi fi gbà á wọlé ní 1962.

Ẹjọ́ 10 ni ó rò níwájú Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ó borí nínú 9. Ẹyọ kan tí ó pàdánù, ní 1965, dá lórí bí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣe ń yọ aláwọ̀ dúdú kúrò lára àwọn ará ìlú tí a máa ń yàn láti pinnu bóyá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ kan náà yí ohùn padà lórí ọ̀ràn yìí.

Bí Ó Ṣe Di Adájọ́

Ní 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ipò adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹkùn gúúsù ìpínlẹ̀ New York. James Eastland, aṣòfin láti Mississippi tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí ń yẹ orúkọ àwọn adájọ́ wò, fà á nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ, ni Ilé Aṣòfin Àgbà tó fọwọ́ sí i.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ irú ilé-ẹjọ́ tí a ń sọ. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀, tí a sì ti ń yẹ ẹ̀rí wò. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Irú rẹ̀ ní Nàìjíríà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ní ti Amẹ́ríkà, adájọ́ bẹ́ẹ̀ lè wà lórí àga títí ọjọ́ ayé rẹ̀ bí kò bá hùwà àìtọ́.

Díẹ̀ Nínú Àwọn Ìdájọ́ Rẹ̀

Ní 1970, ó dá ẹjọ́ Martin Sostre, ẹlẹ́wọ̀n tí a fi sí àhámọ́ òun nìkan fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Motley sọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, ó sì ní kí a san owó gbà-máà-bínú fún un. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí apá kan ìdájọ́ náà, ó sì da apá kan nù.

Ní 1977, akọ̀ròyìn eré ìdárayá kan, Melissa Ludtke, pẹjọ́ pé wọn kò jẹ́ kí obìnrin wọ yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ ní Yankee Stadium, níbi tí àwọn akọ̀ròyìn ọkùnrin ti ń fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Nítorí pé ìlú New York ni ó ni pápá náà, Motley pinnu pé òfin ilẹ̀ tí ó ní kí a fi ojú kan náà wo gbogbo ènìyàn dé ibẹ̀. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà láti bo àṣírí ara àwọn agbábọ́ọ̀lù láìlé obìnrin síta.

Èsì Rẹ̀ Lórí Ojúsàájú

Ẹjọ́ tí ó dá lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ wa wáyé ní 1975. Àwọn obìnrin pe ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá kan lẹ́jọ́ pé ó ń rẹ́ obìnrin jẹ nínú ìgbanisíṣẹ́. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní kí Motley yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà, nítorí pé obìnrin ni, ó sì ti bá irú ìrẹ́jẹ bẹ́ẹ̀ jà rí.

Motley kọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí jíjẹ́ akọ tàbí abo, ìran, tàbí iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá bá tó láti lé adájọ́ kúrò, kò sí adájọ́ kankan ní ilé-ẹjọ́ náà tí yóò lè gbọ́ ẹjọ́ yìí, nítorí pé akọ tàbí abo ni gbogbo wọn, agbẹjọ́rò sì ni gbogbo wọn rí. Èsì yìí tú àṣírí ìrò kan tí ó fara pamọ́ sínú ẹ̀bẹ̀ náà: pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni kò ní ìhà kankan. Bí a bá gba irú ìrò bẹ́ẹ̀ láyè, ẹni tí a ti rẹ́ jẹ rí kò ní lè dájọ́ láé, ẹni tí ìrẹ́jẹ náà ṣe láǹfààní nìkan ni yóò máa dá a.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní 1982, Motley di olórí àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ náà, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò yẹn níbẹ̀. Ó fi ipò olórí sílẹ̀ ní 1986, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ẹjọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí adájọ́ àgbà. Ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2005 ni ó jáde láyé ní ẹni ọdún 84.

Ohun tí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí a gbọ́ ẹjọ́ wọn ní gbangba, kí adájọ́ kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú sì lè yẹ ìdí náà wò. Lórí ìwọ̀n yìí ni a fi wọn iṣẹ́ Motley fún nǹkan bí ogójì ọdún, òun náà sì ni òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ fi ń wọn àgbà tí ó jókòó sórí ẹjọ́.