Àgbọ̀nrín Tó Gba Ojú Ọmọ Ọwọ́

Àwòrán pẹ́ńsùlù lórí pépà. Ilé iṣẹ́ Walt Disney, Kalifọ́níà, Amẹ́ríkà, ṣáájú 1942.

Irú pépà yìí ni àwọn ayàwòrán fíìmù *Bambi* ń wò ṣiṣẹ́, kí ìrísí ẹranko náà má baà yí padà láti ọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn. Ọmọ àgbọ̀nrín méjì láàyè ni wọ́n kó wá láti ìpínlẹ̀ Maine, kí àwọn ayàwòrán lè wo bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìdí nìyẹn tí oríkèé ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín inú àwòrán yìí fi péye tó báyìí.

Ẹ wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Marc Davis, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán náà, ti wo àwòrán ojú àwọn ọmọ ọwọ́ kó tó yà á: ẹnu kúrú, iwájú orí gbòòrò, ẹyinjú tóbi. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ dí ojú náà láti ibi tí ẹ dúró sí. Ara tó kù, ti àgbọ̀nrín inú igbó ni.