Títẹ àmì ìṣirò àti ti lọ́jíìkì

Títẹ àmì ìṣirò àti ti lọ́jíìkì ni kíkọ àwọn àmì bíi ∀ (tí ó túmọ̀ sí «fún gbogbo»), ∃ («ó wà»), ¬, ∨ àti ≠ sínú ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní bọ́tìnnì tiwọn lórí kíbọọ̀dù. Giuseppe Peano, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Itálíà, ni ó mú ∃ wá ní ọdún 1897. Gerhard Gentzen ọmọ Jámánì sì mú ∀ wá ní ọdún 1935.

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ni ètò tí ó ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. U+2200 ni ti ∀. Nínú Microsoft Word, a ó tẹ 2200, lẹ́yìn náà a ó tẹ Alt àti X pọ̀. Nínú Vim, Ctrl àti V ni a ń tẹ̀ ṣáájú, kí u2200 tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ta ni yóò há gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí sórí? Vim fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ctrl àti K, kí FA tẹ̀ lé e fún ∀, tàbí TE fún ∃. Èyí tí ó rọrùn jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni lílo orúkọ tí àwọn àmì náà ń jẹ́ nínú TeX, iṣẹ́ ọwọ́ Donald Knuth. Bí a bá yan ọ̀nà ìtẹ̀wé TeX nínú Emacs, \forall yóò di ∀ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ kan náà ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ń kọ ẹ̀rí ìṣirò ní Lean àti Agda.

Ìrísí àmì lè tan ènìyàn jẹ. Lẹ́tà v jọ ∨ tí ó túmọ̀ sí «tàbí», bẹ́ẹ̀ ni Σ ti àwọn Gíríìkì (U+03A3) jọ ∑ ti àròpọ̀ (U+2211). Ẹni tí ń kàwé lè máà fura, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà: Lean yóò ka v sí orúkọ lásán, ẹ̀rí náà kò sì ní gbà.

Òdìkejì èyí náà wà, níbi tí àmì kan ṣoṣo ti ní ju ìkọsílẹ̀ kan lọ. A lè kọ ≠ ní U+2260, a sì lè kọ ọ́ ní = tí U+0338 tẹ̀ lé. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti tẹ èdè Yorùbá rí: ẹ lè jẹ́ U+1EB9, ó sì lè jẹ́ e pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, U+0323. Ètò tí kò bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan kò ní rí èkejì bí a bá wá èkínní. NFC ni Unicode pe ọ̀nà ìsọdọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ jù. Yóò sọ ≠ di U+2260 nìkan, ṣùgbọ́n ẹ́ yóò ṣì jẹ́ nọ́ńbà méjì, nítorí Unicode kò fún ẹ olóhùn òkè ní nọ́ńbà kan ṣoṣo.