Ṣé o mọ̀ pé ìṣó àgọ́ lásán kò tó fún afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀?

Lọ́dọọdún, àwọn tó wá síbi ayẹyẹ Burning Man máa ń pàgọ́ sí aṣálẹ̀ Black Rock ní Nevada, Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fọwọ́ ara wọn kan àtíbàbà tí wọ́n ń sá oòrùn sí.

Wàhálà ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti àtíbàbà á di ìlọ́po mẹ́rin! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbá irin tí àwọn bíríkìlà ń tò sínú kọnkéré wọ ilẹ̀ adágún àtijọ́ tó ti gbẹ náà, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ yí skúrù gbọọrọ wọ̀ ọ́.

Orí irin tó yọ síta ńkọ́? Bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni àwọn kan fi ń dé e, kó má baà ya ẹlẹ́sẹ̀ òru lójúgun.